Kọ́ọ̀pù ni àbí ìdánrawò? Àlàyé lórí àwọn ìdíje tí wọ́n ń fìwé pe Super Falcons sí

Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Táíwò, ní Ìlọrin níbí, ni àríyànjiyàn náà ti ká mi mọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnì kan gbé fóònù sókè, ó ní kí gbogbo wa gbọ́ ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń fi gbogbo ẹnu sọ pé ife-ẹ̀yẹ méjìlá ni Super Falcons, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, ti gbà, pé àwọn tó ń pè é ní mẹ́wàá ń rẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà jẹ ni. Kíá, ìsọ̀ ti gbóná. Ọ̀kan ní èyí tí wọ́n gbà ní Túrkì ńkọ́, ṣé ó wà nínú rẹ̀? Èkejì ní ìyẹn kì í ṣe kọ́ọ̀pù rárá, pé wọ́n kàn ń náwó ìlú kiri òkè òkun ni. Alhaja kan tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá gẹrun ti ń wò wọ́n láti ìgbà yẹn. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dákẹ́ ná. Ṣé kọ́ọ̀pù ni àbí kì í ṣe kọ́ọ̀pù?"

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn tó yé e. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbàkígbà tí orúkọ Super Falcons bá ti jáde fún ìrìn àjò kan tí kì í ṣe World Cup. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ni ìdíje ìfìwépè gan-an?

Bọ́ọ̀lù láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni: World Cup, Olympics, àti WAFCON, tí í ṣe ìdíje àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá yege nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àbáwọlé ti wọlé nìyẹn, kò sí ẹni tó lè ní kó má wá. FIFA àti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, ló ń darí wọn, ìwé òfin wà fún un, ẹjọ́ sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ jẹ.

Ọ̀nà kejì dà bí òde ìkómọ. Olóde ló mọ ẹni tó fẹ́ pè. Òun ló mú ọjọ́, òun ló mọ iye àlejò tí àga rẹ̀ gbà, òun ló sì mọ bóyá ó máa fún wọn ní owó ọkọ̀. Àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kan á kọ̀wé sí mẹ́ta tàbí márùn-ún, wọ́n á kó ara wọn jọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá ṣe dáadáa jù á gbé ife. Algarve Cup ti ilẹ̀ Pọtogí ti wà láti 1994. Cyprus Cup bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Amẹ́ríkà dá SheBelieves Cup sílẹ̀ ní 2016. England náà ṣe tiwọn ní 2022 àti 2023, wọ́n pè é ní Arnold Clark Cup. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò ni wọ́n fi sọ ọ́, torí òun ló gbé owó kalẹ̀.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti wá nìyí: ife wà níbẹ̀, mẹ́dàlì wà, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè, tẹlifíṣọ̀n á sì gbé e. Ṣùgbọ́n nínú ìwé FIFA, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Ojú tí FIFA fi ń wo ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo láàárín Nàìjíríà àti Gánà náà ló fi ń wò ó.

Ibo ni irú ìdíje yìí ti wá?

Ibi tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fojú tín-ín-rín ìdíje ìfìwépè ti bẹ̀rẹ̀ kíkà nìyí, nítorí pé World Cup àwọn obìnrin fúnra rẹ̀, inú ìdíje ìfìwépè ló ti jáde.

Lọ́dún 1986, FIFA ń ṣe ìpàdé gbogbogbòò ní Mẹ́síkò. Obìnrin ará Nọ́wè kan tí ń jẹ́ Ellen Wille dìde láàárín àwọn ọkùnrin tó kún gbọ̀ngàn náà, ó sì sọ fún wọn pé ìwé ìpàdé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin, pé àsìkò tó kí àwọn obìnrin ní World Cup tiwọn. João Havelange, tó jẹ́ ààrẹ FIFA nígbà náà, gbà. Ṣùgbọ́n wọn ò fún wọn ní World Cup lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò: ṣé èrò á wá? Ṣé bọ́ọ̀lù náà á dùn ún wò?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fìwé pe orílẹ̀-èdè méjìlá sí ẹkùn Guangdong ní ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù kẹfà ọdún 1988. Ìdíje ìfìwépè ni FIFA fẹnu ara rẹ̀ pè é. Nọ́wè na Swídìn ní 1-0 nínú àṣekágbá ní Guangzhou. Láti ilẹ̀ Áfíríkà, Ivory Coast nìkan ni wọ́n pè. Wọn ò pe Nàìjíríà.

Èrò wá, bọ́ọ̀lù náà dùn, FIFA sì fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1991, wọ́n padà sí Ṣáínà kan náà fún ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́, Amẹ́ríkà sì na Nọ́wè ní 2-1 nínú àṣekágbá. Àní nígbà yẹn pàápàá, FIFA kò tíì fẹ́ kí ó jẹ́ World Cup. Orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un, wọ́n sì so orúkọ súìtì M&M's mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú ọgọ́rin ni wọ́n ń gbá, kì í ṣe àádọ́rùn-ún.

Ìdíje 1991 yẹn ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ yọjú sí àgbáyé. Jámánì na wá ní 4-0, Ítálì 1-0, Taiwan 2-0. A ò rí góòlù kankan jẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí di 2023, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ti gbá World Cup àwọn obìnrin, kò sì sí ọ̀kan tí Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè méje péré ló lè sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé.

Èwo ni Super Falcons ti lọ, kí ló sì ti ibẹ̀ jáde?

Wọ́n lọ sí ti Ṣáínà ní oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n sì lọ sí Cyprus Cup lọ́dún kan náà. Ní oṣù kejì 2021, wọ́n lọ sí Túrkì lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Randy Waldrum ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba ife náà. Òun ni wọ́n ń jà lé lórí ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Wọ́n na Uzbekistan ní 9-1 níbẹ̀, wọ́n na Equatorial Guinea, wọ́n sì na CSKA Moscow. Ẹ fi ojú sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Moscow ni, kì í ṣe ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ ní WAFCON.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Amẹ́ríkà pè wọ́n sí Texas. Jàmáíkà na wọ́n ní 1-0, wọ́n gbá ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Pọtogí, Amẹ́ríkà sì na wọ́n ní 2-0.

Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí dáadáa ni èyí tí àwa fúnra wa ṣe olóde fún. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, Nàìjíríà pe orílẹ̀-èdè márùn-ún wá sí Èkó: South Africa, Gánà, Kamẹrúùnù, Mòrókò àti Mali. Orúkọ ìyàwó ààrẹ ìgbà náà ni wọ́n fi sọ ọ́, Aisha Buhari Cup. Ilé kún. A rò pé a ó kàn gbé ife wa sílé ni. Nínú àṣekágbá ní pápá Mobolaji Johnson ní Oníkàn, South Africa na wá ní 4-2 lójú gbogbo ènìyàn wa.

Ọ̀pọ̀ sọ nígbà náà pé ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ni, kò tó nǹkan. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 2022, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wa ní WAFCON ní Mòrókò, South Africa kan náà ló dúró dè wá, wọ́n sì na wá ní 2-1. A tiraka dé ìpele tó ṣíwájú àṣekágbá, a pàdé Mòrókò, tí àwọn náà ti wá wo ilé wa ní Èkó. Wọ́n fún Halimatu Ayinde ní káàdì pupa, wọ́n fún Rasheedat Àjíbádé náà, ènìyàn mẹ́sàn-án ló kù tó fi di pẹ́nárítì, Mòrókò sì borí. South Africa ló gbé ife Áfíríkà lọ sílé lọ́dún náà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìdíje Èkó ti rí apá kan nínú gbogbo èyí ní oṣù mẹ́wàá ṣáájú.

Ti 2023 yàtọ̀. Ní oṣù kejì, wọ́n pè wọ́n sí Mẹ́síkò. Mẹ́síkò na wọ́n, Kòlóḿbíà na wọ́n, Costa Rica nìkan ni wọ́n rí nà. Ariwo "ẹ lé kóòṣì yìí lọ" gba ìlú kan. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní World Cup, ikọ̀ yìí kan náà gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Kánádà, tó gba wúrà Olympics ní 2021, wọ́n na Ọsirélíà olóde ní 3-2, pẹ́nárítì ni England fi lé wọn jáde. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kò rọrùn láti fi ìdíje ìfìwépè sọ àsọtẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, ọmọ orogún tó ń ṣẹ́gun lójúde kọ́ ló ń ṣẹ́gun lọ́jọ́ ìjà.

Ife-ẹ̀yẹ mélòó wá ni wọ́n ti gbà?

Alhaja, ìdáhùn yín rèé. Mẹ́wàá ni ti Áfíríkà tí CAF ń kà: 1998, 2000, 2002, 2004, 2006, 2010, 2014, 2016, 2018, àti èyí tí wọ́n gbá ní Mòrókò ní oṣù keje 2025.

Níbo ni méjìlá ti wá? Ní 1991 àti 1995, ìdíje àbáwọlé fún World Cup ni wọ́n fi mọ ẹni tó mókè ní Áfíríkà. Kò sí olóde, kò sí àgọ́ kan tí gbogbo wọn péjọ sí; ẹ gbá nílé, ẹ tún lọ gbá lókè òkun. Nàìjíríà ló mókè nígbà méjèèjì. Àwọn kan kà á mọ́ ọn, ìdí rèé tí àwọn ìwé ìròyìn kan fi ń pè wọ́n ní akọni ẹlẹ́ẹ̀mọ́kànlá ṣáájú 2025, tí àwọn mìíràn ń sọ pé mẹ́sàn-án. Ìdíje tó ní olóde bẹ̀rẹ̀ ní 1998, Nàìjíríà sì ni olóde náà. Láti ibẹ̀ ni CAF ti ń kà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn gba ti CAF gbọ́, torí "Mission X" ni wọ́n pe ìrìn àjò 2025, X ti mẹ́wàá.

Ti Túrkì kò sí nínú èyíkéyìí. Ife ni, wọ́n sì gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ló wà.

Tí kì í bá ṣe kọ́ọ̀pù gidi, kí ló wà níbẹ̀?

Ohun mẹ́ta ni, wọ́n sì tóbi ju ife náà lọ.

Èkínní ni ipò lórí àtẹ FIFA. Àwọn kan ń sọ pé ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kò kàn án. Ó kàn án. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ti àwọn obìnrin ni pé gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní ìwọ̀n: ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 15, ti WAFCON jẹ́ 45, ti World Cup jẹ́ 60. Bí orílẹ̀-èdè méjì tó wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ bá gbá ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ á di 30. Ipò orí àtẹ yìí ni wọ́n fi ń pín ènìyàn sí ìsọ̀rí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan ẹni tó máa pàdé ẹni ní ìdíje ńlá. Ẹni tí ipò rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lè bá ara rẹ̀ láàárín àwọn ikọ̀ tó lágbára jù ú lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú CSKA Moscow nìkan ni kò kàn án, torí orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni àtẹ náà mọ̀.

Èkejì ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sókè òkun. Lábẹ́ òfin FIFA, ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kì í so agbábọ́ọ̀lù mọ́ orílẹ̀-èdè kan. Ìdíje gidi ló ń sò ó. Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà lè wá gbé aṣọ àwọ̀ ewé wọ̀ ní ìdíje ìfìwépè, kó mọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó jẹ oúnjẹ wa ní àgọ́, kó tó pinnu. Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà á sì ti rí ohun tó lè ṣe.

Ẹ̀kẹta ni ìdánrawò gan-an. Wọ́n máa ń gba ìpààrọ̀ tó pọ̀ ju ti ìdíje gidi lọ, torí náà ọmọ tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti January dé December á rí ẹsẹ̀ gbé. Àṣekágbá 2025 jẹ́ kí a rí ìlò èyí. Mòrókò ti gbá méjì wọlé, ilé wọn ni, èrò wọn ń ké. Esther Okoronkwo fi pẹ́nárítì dá ọ̀kan padà, Fọláṣadé Ijamilusi gbá èkejì, Jennifer Echegini tó ti orí bẹ́ǹṣì wọlé ló gbá ẹ̀kẹta nígbà tí ìṣẹ́jú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lè mọ ẹni tó yẹ kó dìde lórí bẹ́ǹṣì bí kò bá tíì rí wọn kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ rí.

Kí ló dé tí ìwé ìpè fi ń wọ́n báyìí?

Ọjọ́ ni kò tó. FIFA ló ya àwọn ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fi àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Bí ìdíje bá bọ́ sí ẹ̀yìn ọjọ́ wọ̀nyí, ẹgbẹ́ tó wà ní Paris tàbí Madrid lè ní rárá, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe fún un. Ní 2023, àwọn ará Yúróòpù dá ìdíje Nations League sílẹ̀ fún àwọn obìnrin wọn, ó sì jẹ púpọ̀ nínú àwọn ọjọ́ náà. Arnold Clark Cup kò tún wáyé mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá tí à ń wá láti bá gbá ti ń bá ara wọn gbá nínú ilé.

Ta ló ń sanwó, kí sì ni ìjà tó wà lórí rẹ̀?

Àdéhùn ló ń sọ ọ́. Olóde kan á san ilé ìtura àti oúnjẹ, òmíràn á fi tíkẹ́ẹ̀tì kún un, òmíràn á ní kí ẹ bọ́ ara yín. Èrè tó wà níbẹ̀ kì í tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là tí CAF fi ta ẹni tó gba WAFCON 2025 lọ́rẹ.

Àwọn tó ń ṣàtakò ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn tí Super Falcons gba ife Áfíríkà ní 2016, ńṣe ni wọ́n jókòó sí ilé ìtura wọn ní Àbújá, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò títí wọ́n á fi sanwó àwọn, wọ́n sì wọ́de lọ sí ilé aṣòfin. Ní 2019 ní Faransé, wọ́n tún jókòó. Ní 2022, wọ́n kọ̀ láti lọ sí ìgbaradì ní Mòrókò. Lẹ́yìn World Cup 2023, FIFPRO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé, kéde pé wọ́n ṣì jẹ àwọn ọmọ náà ní owó ìwúrí àti owó àgọ́, tí àwọn kan nínú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 2021. Ọdún Túrkì, Texas àti Èkó ni 2021. Ohun tí àwọn alátakò ń sọ nìyẹn: ẹ san gbèsè ìrìn àjò àná kí ẹ tó gba ìwé ìpè ti ọ̀la.

Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n máa lọ dáhùn pé ẹni tí kò bá jáde kò ní mọ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dàgbà, wọ́n sì ń tọ́ka sí South Africa. Wọ́n ní gbèsè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, kí wọ́n má fi jẹ àwọn ọmọ náà níyà nípa mímú wọn jókòó sílé. Waldrum fúnra rẹ̀ bínú ní gbangba ṣáájú World Cup 2023 pé wọ́n fagi lé àgọ́ ìgbaradì tó yẹ kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe.

Ẹgbẹ́ kẹta ní kí à máa ṣe olóde fúnra wa bíi ti 2021. Owó ìrìn àjò á dínkù, àwọn ọmọ inú líìgì ilé á sì rí ibi fi ara hàn. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn wa níbí wà lára èyí.

Ìlọrin ńkọ́, ṣé irú rẹ̀ lè wáyé níbí?

Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́ ló kù wá kù. Ọmọ Ìrá ni Rashidi Yekini, ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà ní World Cup sínú àwọ̀n Bulgaria ní 1994, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi pe pápá ńlá tó wà ní pápá ìṣeré Ìlọrin. Kwara United gba ife Federation Cup ní 2025. Ṣùgbọ́n nígbà tí ife yẹn gbé wọn dé ìdíje CAF, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbàlejò Asante Kotoko ti Gánà. CAF kì í jẹ́ kí ìdíje rẹ̀ wáyé ní pápá tí kò bá tíì fọwọ́ sí: wọ́n á wo koríko, wọ́n á wo iná, wọ́n á wo yàrá ìmúra àti ibi tí èrò ń gbà jáde.

Ìdíje ìfìwépè rọrùn díẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí olóde àti àwọn àlejò rẹ̀ ló ń bá ara wọn ṣàdéhùn lórí pápá. Bí àjọ bọ́ọ̀lù wa bá fẹ́, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì gbà, ikọ̀ mẹ́rin kò pọ̀ jù fún ìlú tó ní pápákọ̀ òfuurufú. Ohun tó ṣòro ni pé ikọ̀ tó ní agbábọ́ọ̀lù ní Paris àti London á fẹ́ gbá lórí koríko tí kò ní ṣe orúnkún wọn léṣe, wọ́n á sì béèrè kí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Ní pápá ilé-ìwé kan ní Ọ̀fà ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo rí àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń pín bàtà bọ́ọ̀lù kan wọ̀. Ọ̀kan wọ ti ọ̀tún, èkejì wọ ti òsì, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan bo ẹsẹ̀ kejì, wọ́n sì ń gbá pẹ́nárítì sí aṣọ́lé tó dúró láàárín òkúta méjì. Ẹni tó ń gbá a ní òun ni Àjíbádé. Ẹni tó dúró láàárín òkúta ní òun ni Nnadozie, kó wá gbá a wò.